Búráósà Tí Mo Yàn fún Hàlímàt

Èmi ni mo pa ohun tí Hàlímàt fi ọjọ́ mọ́kànlá kọ rẹ́, mo sì wò ó lójú, mo sọ fún un pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà mi ló ṣe é.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn. Nínú gbogbo ẹni tó ti rẹ́ mi jẹ rí, kò sí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ kò dùn. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìbídùn lorúkọ mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìkẹ́rẹ́, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Káàdì fóònù ni mo ń tà lábẹ́ agbòjò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan wá gbé kọ̀ǹpútà tó ti kú sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kò padà wá mú un, ni mo bá tú u. Mo tú u, mo tò ó, mo tún un tú. Ìgbà kẹrin ló tó tàn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti pa tì, mo ń tún wọn ṣe, mo ń tà wọ́n. Windows, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ti wúwo jù fún irú wọn. Bí o bá fi Windows tan òmíràn láàárọ̀, o lè lọ pọnmi kí o padà dé kó tó tàn tán. Linux ni mo máa ń fi sí wọn dípò rẹ̀. Linux kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni, ẹ̀rọ àgbà sì lè gbé e.

Yàtọ̀ sí èyí tí mò ń tà, kọ̀ǹpútà márùn-ún wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń sanwó jókòó sídìí wọn lo íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi káfé. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ kan lo ọ̀kan nínú wọn, ó gbàgbé láti jáde kúrò nínú ímeèlì rẹ̀. Ẹni tó jókòó tẹ̀lé e fi ímeèlì náà kọ̀wé sí olùkọ́ wọn, ó ní orí rẹ̀ rí bí ẹ̀pà tí wọ́n bó. Ọmọ tó ni ímeèlì wá bá mi, ó ń sunkún, ó ní wọ́n fẹ́ lé òun nílé ìwé. Èmi náà bá a lọ bẹ olùkọ́ ọ̀hún. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mi ò lè gbójú sókè, torí orí náà jọ ẹ̀pà lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fún búráósà gbogbo kọ̀ǹpútà mi ní òfin kan. Búráósà ni ohun tí a fi ń wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Òfin náà ni pé bí wọ́n bá ti pa á dé, kó gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀: pásíwọ́ọ̀dù, orúkọ, ojú ewé tí wọ́n ṣí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ tí wọn ò tíì fi ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ pátá. Mo fi ọ̀dà dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: OHUN TÍ O ṢE NÍBÍ, ÌWỌ NÌKAN LÓ MỌ̀ Ọ́N. Inú mi máa ń dùn bí mo bá kà á.

Firefox ni búráósà tó bá Linux wá, kò sì sí ohun tó ṣe é. Àmọ́ lórí ẹ̀rọ àgbà, ó máa ń fara balẹ̀ kó tó ṣí. Ẹni tó bá wá ra kọ̀ǹpútà kì í fẹ́ fara balẹ̀. Mo wá búráósà mìíràn tó fúyẹ́, tó máa ń ṣí kí o tó gbọ́wọ́ kúrò lórí máòsì. Kékeré ni mo ń pè é. Mo yọ Firefox kúrò, mo fi Kékeré sí i, mo fún un ní òfin mi. Lẹ́yìn náà mo da gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù sínú fíláàṣì kan. Kọ̀ǹpútà yòówù tí mo bá fẹ́ tà, màá ki fíláàṣì náà bọ̀ ọ́, màá lọ jẹun. Kí n tó dé, ó ti parí.

Joseph, ọmọkùnrin kan tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan tí mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Joseph mọ iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni mi ò lè fara dà.

“Arábìnrin Ìbídùn,” ló wí, “ẹ jẹ́ kí n là yín lóye. Aṣàwákiri ayélujára tó yẹ ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdé sí, òun kọ́ ló yẹ ẹnì kan ṣoṣo nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ní láti jẹ́ onígbàgbé. Ti èkejì ní láti jẹ́ onírántí.”

“Joseph, ṣé o ti jẹun?”

“Kí ló dé, Mà?”

“Ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wàásù níbi òkú, tí wọn ò sì tíì gbé oúnjẹ wá.”

Àwọn ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù yín,” ó lọ. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ká ní ó sọ ọ́ ṣókí, ká ní ó sọ pé, “Àǹtí, ẹni tó bá ra eléyìí máa pàdánù ohun tó bá kọ,” ǹ bá ti gbọ́. Irọ́ ni. Ohun tó sọ yé mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo fi ṣe àwáwí láti má gbọ́.

Nínú oṣù kẹta, Ṣùáíbù mú ọmọ rẹ̀ wá. Àgbẹ̀ ni Ṣùáíbù, oko iṣu rẹ̀ wà lọ́nà ìlú Ìṣẹ́. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.

“Bàbá, ẹ wọ bàtà yín wọlé,” ni mo wí. “Sìmẹ́ńtì lásán ni.”

“Ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, Ìyá Kọ̀ǹpútà. Mi ò fẹ́ kó eruku bá a. Ẹ kú uṣẹ́ o. Hàlímàt ọmọ mi rè é. Ó fẹ́ kọ ùwé sí àwọn kan. Ẹ fún un ní èyí tí kò níí dà á láàmú.”

Hàlímàt kúnlẹ̀ kí mi. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi hìjáábù aláwọ̀ ewé borí, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti kọ ìbéèrè sí. Bàbá rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi. Àjọ kan wà tó máa ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ́dọọdún lọ sílé ìwé àwọn agbẹ̀bí, àwọn ni wọ́n ń san gbogbo rẹ̀. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù wọn, ìbéèrè mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ìdáhùn gígùn ni wọ́n sì ń fẹ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, wọn kì í gbà á. Oṣù kẹfà ni Hàlímàt yóò pé mẹ́tàlélógún.

“Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni,” Ṣùáíbù wí. “Bí kò bá bọ́ sí i, Òmùò ló ń lọ. Àbúrò mi obìnrin ń ta sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò dúró tì í.”

Kò sọ ìdí tí ọmọ náà fi fẹ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí. Gbogbo wa ládùúgbò la mọ̀ ọ́n. Ìyá Hàlímàt kú sí oko níbi tó ti ń rọbí, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Hàlímàt nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà yẹn.

Mo gbé kọ̀ǹpútà kan síwájú rẹ̀. Ó wò ó yíká, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, ó tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé rẹ̀.

“Àǹtí, mo kà á pé Firefox ló máa ń bá Linux wá. Mi ò rí i níbí.”

“Mo yọ ọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dá a padà?”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ó wúwo. Wo eléyìí.” Mo tẹ Kékeré. Ó ṣí wàrà.

Ṣùáíbù pariwo, “Hẹ̀ẹ́! Ẹ̀rọ yìí yára ju ìyá àgbà tí wọ́n pè síbi ìkómọ lọ!”

A rẹ́rìn-ín. Hàlímàt ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń wo ìwé rẹ̀. “Wọ́n kọ ọ́ sórí sáìtì wọn pé ohun tí mo bá ń kọ, inú búráósà mi ni yóò máa wà títí n óo fi fi ránṣẹ́. Ṣé eléyìí á lè tọ́jú rẹ̀ fún mi?”

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ká ní mo dúró ka ení, èjì, ǹ bá rántí òfin mi. Ara ògiri ló wà, lẹ́yìn orí rẹ̀ gan-an.

“Á tọ́jú rẹ̀.”

“Ó dá yín lójú, Àǹtí?”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo fẹ́ tà á fún mi ni?”

Ó tẹrí ba, ó tọrọ àforíjì, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ohun tó kọ ni: Àǹtí ní á tọ́jú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo fún un ní ìmọ̀ràn kan. Mo ní kó má máa pa kọ̀ǹpútà náà, pé ẹ̀rọ àgbà ni, títàn rẹ̀ máa ń pẹ́. Mo ní bó bá ṣe tán, kó kàn dé ìdérí rẹ̀, ibi tó bá iṣẹ́ dé ni yóò ti bá a lọ́jọ́ kejì. Ìmọ̀ràn yẹn ló gba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Búráósà náà ò kú rárá, torí náà òfin mi ò rí i mú.

Mo máa ń rí i láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan tó wà níwájú mi ní sólà, ibẹ̀ ló ti máa ń gba iná sí bátìrì. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọkùnrin tó ń dúró de abẹ, á gbé kọ̀ǹpútà lé itan, á máa fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́. Agẹrun máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ wá yẹ ọrùn mi wò!” Á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò níí gbójú sókè.

Ọjọ́ kejìlá ni fọ́ọ̀mù náà yóò tì, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí aago mọ́kànlá, ó wọlé wá bá mi.

Mo ní àlejò. Màmá Ẹniọlá, tó ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìṣẹ́, wá ra kọ̀ǹpútà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ rẹ̀. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í wá sọ́dọ̀ mi lọ́dọọdún. Mo ti fún un ní àga tó dára jù, mo ti fi fáànù kọjú sí i.

“Àǹtí, ẹ má bínú,” Hàlímàt wí. “Lẹ́tà A ò tẹ̀ mọ́. Gbólóhùn méjì péré ló kù fún mi, lẹ́yìn náà màá fi ránṣẹ́.”

“Gbé e wá.”

Mo ṣí ìdérí. Fọ́ọ̀mù náà wà lójú rẹ̀, gbogbo àpótí rẹ̀ kún. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Mo ka ìlà kan. Ohun tó sọ ni pé oko àwọn kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí ìyá òun ń rọbí, ó jìnnà. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kankan níbẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí mọ ìwé kọ.

“Ẹ rọra o, Àǹtí. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.”

“Mo mọ iṣẹ́ mi.”

N kì í tú kíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn. Mo gbé máòsì lọ sókè, mo pa búráósà dé. Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo tú kíbọ́ọ̀dù, mo fẹ́ atẹ́gùn sí abẹ́ lẹ́tà A. Hóró gàrí kan ló jáde.

“Ṣé kọ̀ǹpútà lo ń fún ní gàrí mu ni?” ni mo bi í.

Màmá Ẹniọlá rẹ́rìn-ín. Hàlímàt náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn. Mo tò ó padà, mo tàn án, mo tẹ Kékeré, mo ṣí fọ́ọ̀mù náà.

Àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà funfun. Kò sí lẹ́tà kan nínú wọn.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ rò ó. Ohun tó wà lára ògiri ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe dúdú. Ọ̀rọ̀ Joseph tẹ̀lé e. 

“Àǹtí,” Hàlímàt wí, “ibo ló wà?”

Mo tẹ ìhín, mo tẹ ọ̀hún. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo mọ̀ pé kò sí ibi tí mo lè rí i.

Màmá Ẹniọlá dìde lórí àga, ó wá dúró sẹ́yìn wa. “Kí ló ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ ọmọ náà ti lọ? Ṣé irú kọ̀ǹpútà tí o fẹ́ kó fún mi nìyí?”

“Rárá, Mà. Kò rí bẹ́ẹ̀.”

Hàlímàt kò ké, kò pariwo. Ó di etí tábìlì mú. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, àbí èmi ni? Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n.”

Ó ní ìdí tó fi béèrè bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ìdí náà, mi ò sì bi í. Obìnrin tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà mẹ́fà dúró sẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

“Kọ̀ǹpútà mi ò ní nǹkan kan,” ni mo wí. “Ó ní láti jẹ́ pé o ò tẹ ibi tó yẹ kí o tẹ̀ kó lè tọ́jú rẹ̀.”

“Mi ò rí ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀.”

“O ò wò ó dáadáa nìyẹn.”

Ó wo ojú mi. Ó gbà mí gbọ́. Mo rí i bó ṣe gbà mí gbọ́, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀. “Èmi ni nígbà náà,” ló wí.

“Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí,” Màmá Ẹniọlá wí, ó padà lọ jókòó. “Ìwàǹwára ò jẹ́ kẹ́ ẹ máa fiyè sí nǹkan.”

 Hàlímàt ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun jókòó sí kọ́nà kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìka méjì rẹ̀. Ohun tó fi ọjọ́ mọ́kànlá kọ, wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ ló ní láti fi tún un kọ. Iná lọ ní aago kan, mo tan jẹnẹrétọ̀. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ fún kíbọ́ọ̀dù. Mo fún un ní omi tútù. Gbogbo ohun tí mo fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn, omi tútù.

Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi í ránṣẹ́. Ìdáhùn mẹ́ta ló ṣe é kà. Àwọn tó kù jẹ́ ìlà méjì, ìlà mẹ́ta. Mo kọjá lẹ́yìn rẹ̀, mo wá ìlà tó sọ nípa oko àti ìyá rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ.

Màmá Ẹniọlá ra kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí n tó kó wọn lọ sí Ìṣẹ́, mo jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo yọ òfin mi kúrò, mo dá Firefox padà sórí wọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi kò níí ṣe bẹ́ẹ̀.

Èsì fọ́ọ̀mù dé nínú oṣù keje. Wọn ò mú un. Nínú oṣù kẹjọ, mo rí i lẹ́yìn ọ̀kadà pẹ̀lú báàgì ńlá kan láàárín òun àti ọlọ́kadà. Ó juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́.

Mo ti fẹ́ gbàgbé rẹ̀ nígbà tí Ṣùáíbù wọlé wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, iṣu mẹ́rin wà léjìká rẹ̀. Ó rọra sọ wọ́n kalẹ̀.

“Ìyá Kọ̀ǹpútà, uṣu tuntun rè é. Kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú àwọn ará ulé yín.”

“Bàbá, kí ni mo ṣe?”

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jókòó lọ́dọ̀ yín láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́, ẹ tan jẹnẹrétọ̀ fún un, ẹ ò gba kọ́bọ̀. Ó sọ ọ́ fún mi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́. Mo ti bá a wí. Ọmọ tí kì í sọ abẹ́rẹ́ nù láti kékeré! Mi ò mọ ohun tó ṣe é lọ́jọ́ yẹn.”

 Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni: èmi ni, Bàbá. Ó ń nu òógùn ọrùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ kú ìnáwó.”

Mi ò lè gbé iṣu náà délé. Mo tì í sábẹ́ tábìlì. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi máa ń kàn án. Ìkórè kọjá, ọyẹ́ dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, ọmọ iléèwé kan tó bẹ̀rẹ̀ mú bírò rẹ̀ nílẹ̀ ní, “Àǹtí Ìbídùn, iṣu yín ti ń hù o! Ṣé oko lẹ fẹ́ dá sínú káfé ni?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ó ti yọ ọ̀mù gígùn, ọ̀mù náà ti gun wáyà kọ̀ǹpútà.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo wọkọ̀ lọ sí Adó, mo wọ òmíràn níbẹ̀, a gba Ìjàn kọjá, mo bọ́ sílẹ̀ ní Òmùò lọ́sàn-án. Kò ṣòro láti rí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì náà. Hàlímàt wà níwájú rẹ̀, ó ń ti ilẹ̀kùn ibi ìkẹ́rùsí. Eruku sìmẹ́ńtì ti sọ hìjáábù rẹ̀ di funfun. Ó ti àgádágodo, ó fà á wò. Ó rìn díẹ̀, ó padà, ó tún fà á. Ó tún rìn, ó tún padà. Ìgbà yẹn ló tó rí mi.

“Àǹtí! Àǹtí Ìkẹ́rẹ́! Ẹ káàbọ̀ o!” Ó kúnlẹ̀ sínú eruku náà.

“Dìde. Kí lò ń fa àgádágodo yẹn sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta?”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tójú ń tì. “Mi ò fọkàn tán ara mi mọ́, Àǹtí. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ mí.”

Mo ti mú ọ̀rọ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́. Nínú ọkọ̀, mo ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ bí èyí tí Joseph máa ń sọ. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

“Èmi ni mo pa iṣẹ́ rẹ rẹ́,” ni mo wí. “Mo ti ṣe búráósà yẹn kó máa gbàgbé ohun gbogbo bí wọ́n bá ti pa á dé. Ti káfé ni. Mi ò yọ ọ́ kúrò kí n tó tà á fún ọ. O bi mí, mo ní á tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mo sì pa á dé lọ́jọ́ náà. Kò sí ibi kankan tó yẹ kí o tẹ̀ tí o ò tẹ̀.”

Ó yíjú wo àgádágodo náà, ó tún wò mí. 

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Lójú ẹsẹ̀.”

“Kí ẹ tó sọ pé èmi ni?”

“Kí n tó sọ ọ́.”

Ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì kan. Mo dúró. Kò ní kí n jókòó, ọmọ tó jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ló máa ń wà bó bá rí àgbà.

“Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá kọ̀ǹpútà ni àbí èmi,” ló wí. “Ó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá pa iṣẹ́ ẹni rẹ́, kéèyàn kọ ọ́ sí wọn kí aago márùn-ún tó lù, wọ́n á fi ọjọ́ méje kún un. Àmọ́ wọ́n ní bó bá jẹ́ àìfiyèsí ẹni fúnra ẹni ni, kéèyàn má béèrè. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ò ní nǹkan kan. Mi ò fẹ́ purọ́ fún wọn.”

Mo rò pé mo mọ ohun tí mo ṣe. Oṣù mẹ́wàá ni mo ti ń gbé e kiri, mo rò pé búráósà ni. Búráósà gba ọjọ́ mọ́kànlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu mi ló gba méje tí ì bá fi tún un kọ.

“Màá kọ̀wé sí wọn,” ni mo wí. “Lónìí gan-an. Màá sọ fún wọn pé èmi ni.”

“Mo ti pé mẹ́tàlélógún láti oṣù kẹfà, Àǹtí.”

Ọkùnrin kan dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó kígbe pé, “Hàlímàt! Àpò mẹ́ta!” Ó dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, eruku bò mí lójú. Kí ó tó lọ, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá mi. Kó má rò pé èmi ni.” Lẹ́yìn náà ó lọ ṣí àgádágodo.

Mo sọ fún Ṣùáíbù lọ́jọ́ kejì, lóko rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, kò bú mi. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sídìí ebè. Kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo kọ̀wé sí àjọ náà. Wọ́n dá mi lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò kọ ju ìlà mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ká ní ó béèrè lọ́jọ́ náà, àwọn ì bá fún un ní ọjọ́ méje. Wọ́n ní ogójì ọmọbìnrin ni àwọn mú. Hàlímàt ò sí lára wọn, òfin ọjọ́ orí ò sì ní jẹ́ kó sí lára wọn mọ́.